Ẹ fi géèmù tí kì í dárí jini sílẹ̀ fún wa

1/
Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan kí ọkàn mi balẹ̀. Àwọn géèmù RPG àtijọ́, àwọn tó jẹ́ pé tó o bá kú o kú nìyẹn, tí kò sí ọfà tó ń júwe ọ̀nà, tí kò sí ẹni tó máa sọ fún ẹ pé "pẹ̀lẹ́": líle yẹn gan-an ni adùn wọn. Ẹni tó bá ní ká yọ líle kúrò ká fi adùn sílẹ̀, iyán ló fẹ́ jẹ tí kò fẹ́ gbọ́ ariwo odó. Ó gùn o. Ẹ wá ibi jókòó sí.

2/
Apá méjì ló ń jà lórí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì sí lẹ́yìn ìkankan. Apá kìíní ní, "Àwọn àgbà ló ń ṣàárò ìgbà èwe wọn, géèmù burúkú ni." Apá kejì ní, "Tó ò bá lè ṣe é, kúrò níbí, kì í ṣe fún irú yín." Àwọn tàkọ́kọ́ ò mọ ohun tí wọ́n ń bú. Àwọn tèkejì ò mọ ohun tí wọ́n ń gbèjà. Màá dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì.

3/
Fún ẹni tí kò mọ̀: RPG ni géèmù tó o ti máa di ẹlòmíì. O lè jẹ́ jagunjagun, o lè jẹ́ oṣó, o lè jẹ́ olè. O ń rìn nínú ayé abàmì, o ń bá iwin àti ẹranko burúkú jà, o ń lágbára díẹ̀díẹ̀. Orí tábìlì ló ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dún 1974, nígbà tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde. Bébà, pẹ́ńsù àti dáìsì ni wọ́n fi ń ṣe é. Kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀ rárá.

4/
Ọdún 1981 ni ká lọ. Andrew Greenberg àti Robert Woodhead, tí wọ́n pàdé ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, gbé Wizardry jáde fún kọ̀ǹpútà Apple II. Èèyàn mẹ́fà lo máa kó jọ, ìwọ ló máa sọ wọ́n lórúkọ. Ẹ máa wọ ihò abẹ́ ilẹ̀ tó ní ìpele mẹ́wàá, ìpele kọ̀ọ̀kan jẹ́ ojú mẹ́rin 20 ní ìbú, 20 ní gígùn. Kò sí máàpù lójú kọ̀ǹpútà. Lọ ra ìwé gíráàfù kó o máa yà á fúnra ẹ.

(Oṣó burúkú tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ń jẹ́ Werdna. Ẹ kà á láti ẹ̀yìn wá, ẹ máa rí Andrew. Ọba tó rán yín níṣẹ́ ń jẹ́ Trebor. Ẹ ka ìyẹn náà láti ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ yìí gbádùn ara wọn jàre.)

5/
Tí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà bá kú ńkọ́? O máa gbé òkú ẹ̀ padà sílùú, o máa gbé e lọ sí tẹ́ńpìlì, o máa sanwó. Àwọn àlùfáà á ṣe tiwọn. Ó lè jí, ó sì lè má jí. Tí kò bá jí, òkú di eérú. O tún lè sanwó tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kí wọ́n gbìyànjú lórí eérú. Tí ìyẹn náà bá já sófo, ó parí. Orúkọ tó o fún un, agbára tó o ti fi ọjọ́ gbọgbọrọ kó jọ, gbogbo ẹ̀ ti bá ilẹ̀ lọ.

6/
Tí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá kú pọ̀, inú ihò yẹn lòkú wọn máa wà. O máa lọ kó ikọ̀ tuntun jọ, àwọn ọ̀dọ́ tí kò mọ ohun kankan, o máa kọ́ wọn títí wọ́n á fi lágbára tó láti sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé òkú àwọn ẹ̀gbọ́n wọn wá. Ẹ ronú sí i. Géèmù yẹn ò kọ ìtàn kankan fún ẹ níbẹ̀. Ìwọ fúnra ẹ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìtàn sílẹ̀: àwọn àbúrò tó ń lọ wá òkú ẹ̀gbọ́n nínú òkùnkùn.

7/
Ẹnìkan á ní, "Irú ìyà wo rèé?" Ó yẹ kí o béèrè. Ṣùgbọ́n wo ohun tí ìyà náà ń ṣe. O wà ní ìpele kẹrin. Ẹ̀jẹ̀ jagunjagun ẹ ti kù díẹ̀. Ọfọ̀ ẹyọ kan ló kù lẹ́nu oṣó ẹ. Ilẹ̀kùn kan wà níwájú tó ò tíì ṣí rí. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù òde òní, ṣí i jàre, tí kò bá dáa o padà sí ibi tó o ti séèfù. Nínú Wizardry, ilẹ̀kùn yẹn, ilẹ̀kùn gidi ni. Ọwọ́ ẹ á làágùn.

8/
Àwòrán kọ́ ló ń dẹ́rù bà ẹ́ o. Àwòrán wo? Ìlà funfun lórí dúdú ni wọ́n fi ya ògiri ihò yẹn. Ohun tó lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ ló ń dẹ́rù bà ẹ́.

Tori náà, kókó mi àkọ́kọ́ rèé: níbi tí nǹkan bá ti lè ṣòfò ni nǹkan ti ń níye lórí. Ọfọ̀ ẹyọ kan tó kù di wúrà. Máàpù orí bébà di wúrà. Kó o sọ pé "ó tó, ẹ jẹ́ ká padà sílé" di ìpinnu àgbàlagbà. Níbi tí kò ti sí òfò, kò sí ìpinnu kankan, o kàn ń tẹ bọ́tìnì ni.

9/
Wàyí o, ẹ̀sùn àkọ́kọ́: "Kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn ò lágbára ni, kì í ṣe pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é báyẹn."

Ìdajì òótọ́. Lóòótọ́, 48K ni Wizardry ń bá ṣiṣẹ́, fọ́tò kan lórí fóònù ẹ báyìí tóbi ju ìyẹn lọ lọ́nà púpọ̀. Torí ẹ̀ ni àwòrán fi rí bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n ikú yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé kọ̀ǹpútà ò lágbára. Ẹ̀rí mi rèé.

10/
Rogue. Nǹkan bí ọdún 1980, ní California, Michael Toy àti Glenn Wichman ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Lẹ́tà àti àmì lásán ni wọ́n fi ya gbogbo ayé inú ẹ̀: @ ni ìwọ, lẹ́tà ńlá A títí dé Z ni àwọn ẹranko burúkú. Gbogbo ìgbà tó o bá bẹ̀rẹ̀, ihò náà á tún ara ẹ̀ tò ní ọ̀nà míì. Tó o bá kú, ó tán, bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé: Rogue mọ séèfù ṣe! O lè séèfù kó o lọ sùn. Ṣùgbọ́n bó o bá ti padà wọlé báyìí, ó máa pa fáìlì yẹn rẹ́.

11/
Ẹ dúró lórí ìyẹn díẹ̀. Iṣẹ́ ni pípa fáìlì rẹ́ yẹn. Ẹnìkan jókòó, ó kọ ọ́ sínú géèmù. Fífi í sílẹ̀ ló rọrùn jù. Wọ́n mọ̀ pé tí fáìlì yẹn bá wà níbẹ̀, tó o bá ti kú o máa padà sí i, o máa tún un ṣe, o máa tún un ṣe, títí géèmù á fi di omi ọbẹ̀. Torí ẹ̀ ni wọ́n fi ní: séèfù wà fún ìsinmi, kò sí fún ìyípadà kádàrá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí gbólóhùn yẹn, màá padà sí i.

12/
Ẹ̀rí kejì: Dragon Quest, 1986, Japan. Yuji Horii tó ṣe é fẹ́ràn Wizardry gan-an. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ọmọ kékeré náà lè gbá a. Kí ló ṣe? Tó o bá kú nínú Dragon Quest, wọ́n á gbé ẹ padà síwájú ọba, ìdajì owó ẹ á lọ, ohun tó o ti kọ́ àti agbára ẹ ò lọ síbì kankan. Àwọn ará Japan gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀.

Mi ò bú u o. Dragon Quest dáa. Ohun tí mò ń sọ ni pé láti ọdún 1986 ni àwọn èèyàn ti mọ bí wọ́n ṣe ń rọ líle náà lójú. Ẹni tó bá ṣì yan líle lẹ́yìn ìgbà yẹn, ó yàn án ni.

13/
Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ìgbà tiwa. Morrowind, 2002, láti ọwọ́ Bethesda. Ẹnìkan á rán ẹ níṣẹ́, á sì fẹnu júwe ọ̀nà fún ẹ: gba apá àríwá, tó o bá rí afárá, yà sọ́wọ́ òsì, wo òkè lókèèrè. Ó tán. Kò sí ọfà. O máa ka ohun tó sọ nínú ìwé ìrántí ẹ, o máa wo òkè, o máa ṣìnà, o máa bọ́ sí ibi tí ẹnikẹ́ni ò rán ẹ, o máa rí ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún ẹ pé ó wà.

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tán.

14/
Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, Oblivion dé, 2006, ilé iṣẹ́ kan náà. Ọfà ti wà lórí kọ́ńpáàsì. Ó rọrùn, àbí? Ṣùgbọ́n ṣe ó yé ẹ ohun tó ṣẹlẹ̀? O ò wo òkè mọ́. O ò gbọ́ ohun tí baba tó rán ẹ níṣẹ́ ń sọ mọ́. Ọfà lò ń wò. Wọ́n ya igbó tó rẹwà bí nǹkan míì, ìwọ ń sáré tẹ̀lé àmì kékeré kan ní ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń gun ọ̀kadà ẹlòmíì.

15/
Morrowind kan náà: bó o ṣe kúrò ní abúlé tó o ti bẹ̀rẹ̀, lójú ọ̀nà, wàá gbọ́ ariwo. Ọkùnrin kan já bọ́ láti ojú ọ̀run, ó kú síwájú ẹ. Tó o bá yẹ ara ẹ̀ wò, wàá rí bébà ọfọ̀ mẹ́ta. Ọfọ̀ yẹn máa jẹ́ kó o fò lọ sókè bí ẹyẹ, lọ jìnnà réré.

Kò wá sọ fún ẹ bó o ṣe máa balẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fò, tí wọ́n ń pariwo ayọ̀, tí wọ́n sì kú bíi ti baba yẹn gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ronú á fi bébà kejì pamọ́, á lò ó kó tó kanlẹ̀. Òkú yẹn gan-an ni ìkìlọ̀. Géèmù náà gbà pé o ní ọpọlọ. Ìyẹn ni mò ń pè ní ọ̀wọ̀.

16/
Ó tún kù. Nínú Morrowind, o lè pa ẹni tí ìtàn gbogbo géèmù náà dúró lé lórí. Ó máa sọ fún ẹ pé o ti já okùn ìtàn náà, pé o lè padà séyìn, o sì lè máa bá a lọ nínú ayé tó o ti bà jẹ́. Ó yà ẹ́ lẹ́nu? Nínú àwọn tó tẹ̀lé e, tó o bá gún irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́bẹ, á ṣubú, á sinmi díẹ̀, á dìde, á gbọn ara nù. Èwo ló bọ̀wọ̀ fún ẹ nínú méjèèjì? Ẹni tó jẹ́ kí ohun tó o ṣe ṣẹlẹ̀ ni, àbí ẹni tó ń gbá a nù lẹ́yìn ẹ bí ìyá tó ń tọ́jú ọmọ ọwọ́?

17/
Kókó kejì: nínú géèmù tó le, ìwọ lò ń dàgbà, kì í ṣe nọ́ńbà tó wà lára èèyàn inú ẹ̀ nìkan.

NetHack, 1987, ọmọ ìdílé Rogue. Ẹran kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ cockatrice. Fi ọwọ́ lásán kàn án, o di òkúta lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ohun tó o ní ti lọ. Ṣùgbọ́n ní ìgbà tó ń bọ̀, wàá wọ ìbọ̀wọ́, wàá gbé òkú cockatrice yẹn, wàá máa fi na àwọn ọ̀tá, àwọn náà á máa di òkúta. Ohun tó pa ẹ́ lánàá ti di ohun ìjà ẹ lónìí. Kò sí nọ́ńbà kankan tó pọ̀ sí i. Orí ẹ ló gbọ́n sí i.

18/
Ó tún ní ohun kan tí ọmọ Yorùbá máa gbádùn. Nígbà míì, tó o bá tún bẹ̀rẹ̀ géèmù míì, wàá dé ibi tó o kú sí tẹ́lẹ̀. Wàá bá ẹrù ara ẹ nílẹ̀, iwin ara ẹ á sì dúró tì í, á bá ẹ jà. Ìwọ tuntun ń bá ìwọ àtijọ́ du ogún! Ta ló máa sọ fún mi pé nǹkan báyẹn dáa ju ikú lọ tó bá jẹ́ pé wàá kàn padà sẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, bí ẹni pé o ò kú rí?

19/
Ẹ̀sùn kejì, èyí tí mo bọ̀wọ̀ fún jù: "Mo ń ṣiṣẹ́. Mo dé láti ibi iṣẹ́ aago mẹ́jọ alẹ́. Mi ò ní àkókò tí mo máa fi ṣòfò."

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ló ń jẹ àkókò ẹ gan-an? Géèmù òde òní púpọ̀ á da ọgọ́rùn-ún àmì sórí máàpù, kó ìyẹ́ mẹ́wàá wá, lọ gun ilé gogoro yẹn, padà wá, lọ kó ewé wá. O máa lo wákàtí ọgọ́ta, o ò ní rántí ìkankan. Rogue lè pa ẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó o lọ jẹun, kó o máa rẹ́rìn-ín sí bó o ṣe kú. Èwo ló ṣòfò nínú méjèèjì?

20/
Kí ẹnikẹ́ni má rò pé gbogbo ohun àtijọ́ ni mò ń gbèjà. Kì í ṣe gbogbo ohun tó gbó ló jẹ́ ogún, òmíì pàǹtí ni. Nínú Wizardry, tó o bá sùn kó o lè gòkè ní ipele, àwọn ẹ̀bùn ara ẹ lè dínkù, bẹ́ẹ̀ ni, dínkù, torí pé dáìsì sọ bẹ́ẹ̀. O jagun, o ṣẹ́gun, o sùn, o jí, o di òmùgọ̀. Èyí ò le, olè ni. Ẹ sọ ọ́ nù, mi ò ní bèèrè ẹ̀.

21/
Òṣùwọ̀n tèmi rèé. Ìbéèrè méjì péré. Ìkíní: ṣé ọ̀nà wà tí mo lè fi mọ̀ kó tó ṣẹlẹ̀? Ìkejì: ṣé ọwọ́ mi ni yíyàn wà? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni fún méjèèjì, pa mí, mi ò ní sunkún. Ọkùnrin tó já bọ́ láti ọ̀run: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ilẹ̀kùn ìpele kẹrin: mo mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ mi ti kù díẹ̀, èmi ni mo ṣí i. Dáìsì tó gba ọgbọ́n lọ́wọ́ mi lójú oorun: rárá, rárá. Líle yàtọ̀ sí ìrẹ́jẹ. Ẹ má jẹ́ ká fi ọ̀kan bú èkejì.

22/
Ó sì jọ mí lójú pé àwa la wá ń sọ pé géèmù tí kì í dárí jini, nǹkan àjèjì ni. Ẹ̀yin tí bàbá yín àgbà ń ta ayò? Bó o bá ti kó ọmọ ayò lójú ọpọ́n tó o sì ti pín in, ṣé wàá sọ pé "ẹ jẹ́ kí n dá a padà"? Wọ́n á fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọ̀ta ń jẹ ọ̀pẹ, ọ̀pẹ á lọ, á tún padà wá lọ́la. Báyẹn ni ọ̀pẹ ṣe ń di ọ̀ta. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n fi ọfà sójú ọpọ́n.

23/
Ó kan ẹ̀yin apá kejì báyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti rí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà, ẹ ó ní "kò mọ̀ ọ́n ṣe." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka iye ìgbà tí èèyàn kú bí ẹni ń ka owó. Ẹ sọ géèmù di ìlẹ̀kùn ilé yín, ẹ dúró sẹ́nu ẹ̀ bíi gétímáànù.

Ta ló sọ fún yín pé ẹ̀mí géèmù wọ̀nyẹn nìyẹn? Ní ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn tó ń gbá Wizardry ń ya máàpù fún ara wọn ni. Ẹni tó mọ ibi tí pàkúté wà ń sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ìmọ̀ ni ẹrù tó wà nínú ihò yẹn, ẹrù tí wọ́n sì ń pín ni.

24/
Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀gá yín gan-an kì yín mọ́lẹ̀. Hidetaka Miyazaki, tó darí Demon's Souls lọ́dún 2009. Ó ti sọ ibi tí ó ti rí èrò bí àwọn èèyàn ṣe máa ń ran ara wọn lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Ó ń wakọ̀ gun òkè, yìnyín bo ọ̀nà, ọkọ̀ ò lè gòkè mọ́. Ọkọ̀ ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọkọ̀ iwájú, ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn ìyẹn náà ń ti òun, títí wọ́n fi gòkè. Àwọn èèyàn tí kò mọ ara wọn rí. Kò tiẹ̀ ráàyè dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

25/
Torí ẹ̀ ni o fi lè kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nínú Demon's Souls kí ẹlòmíì, níbi tí ìwọ ò mọ̀, lè kà á: "ṣọ́ra, ọ̀tá wà lẹ́yìn ògiri." O lè fọwọ́ kan àmì ẹ̀jẹ̀ kó o rí bí ẹlòmíì ṣe kú níbẹ̀. Géèmù tí ẹ fi ń yangàn jù, orí ìrànlọ́wọ́ àjèjì ni wọ́n kọ́ ọ lé. Ẹ̀yin wá dúró lórí òkè náà, ẹ ń fi àwọn tí ọkọ̀ wọn ń yọ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Ojú ò tì yín?

26/
Ẹ tún máa ń sọ pé ẹni tó ń fẹ́ séèfù níbikíbi, ojo ni. Ẹ wá sí àdúgbò mi lálẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n á mú iná lọ láìsọ tẹ́lẹ̀, bátìrì láptọ́ọ̀pù mi ti kú tipẹ́, ó di òkúta tó nílò wáyà. Wákàtí méjì tí mo ti fi ń rìn nínú ihò, fìì, ó ti lọ. Kò sí ẹran burúkú tó pa mí. Kò sí ìpinnu tí mo ṣe. Ẹ wo òṣùwọ̀n mi lókè: ṣé mo lè mọ̀? Rárá. Ṣé ọwọ́ mi ló wà? Rárá. Ìyẹn ò kọ́ mi ní nǹkan kan ju kí n ra jẹnẹrétọ̀ lọ.

27/
Ẹ rántí gbólóhùn tí mo ní kẹ́ ẹ rántí: séèfù wà fún ìsinmi, kò sí fún ìyípadà kádàrá. Rogue ti yanjú ẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1980. Demon's Souls náà ń séèfù fúnra ẹ̀ ní gbogbo ìgbà, tó o bá jáde o máa padà sí ibi tó o wà, ṣùgbọ́n o ò lè fi í sá fún ikú. Géèmù lè le kó sì gbà pé ìgbésí ayé wà níta. Ẹni tó ní kí n yan ọ̀kan, kò tíì ronú ni.

28/
Ẹ̀sùn kẹta: "Àwọn tí ọwọ́ wọn ò yá tàbí tí ara wọn ò pé ńkọ́?" Ìbéèrè gidi. Ṣùgbọ́n wò ó: líle àtijọ́ kì í ṣe ti ìka. Wizardry máa dúró dè ẹ́. NetHack máa dúró dè ẹ́ títí di ọ̀la. O lè ronú fún wákàtí kan kó o tó tẹ bọ́tìnì ẹyọ kan. Ọpọlọ àti sùúrù ló ń béèrè. Nínú gbogbo géèmù tó le, irú èyí ló ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ò yára.

29/
Yíyàn náà ò sì pa ẹnikẹ́ni. Legend of Grimrock, 2012, láti Finland: tó o bá fẹ́ ya máàpù fúnra ẹ, pa máàpù inú ẹ̀. Baldur's Gate 3, 2023: wọ́n fi ọ̀nà kan sí i tó jẹ́ pé fáìlì séèfù ẹyọ kan lo ní, tí gbogbo ikọ̀ ẹ bá kú ó tán. Wizardry fúnra ẹ̀, wọ́n tún un ṣe, ó jáde lódindi lọ́dún 2024, o lè yan òfin àtijọ́ tàbí èyí tó rọ̀. Mo fara mọ́ gbogbo ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mi ò fara mọ́ ni ẹni tó ní kí wọ́n yọ líle kúrò pátá, kó má sí fún ẹnikẹ́ni, torí pé òun ò fẹ́ ẹ. Tí ata bá ta ẹ́, béèrè ọbẹ̀ míì. Má lọ hú oko ata.

30/
Ẹ má sì sọ pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Nígbà tí Demon's Souls jáde, Sony ò gbé e jáde ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ míì, Atlus, ló gbé e. Wo ọmọ rẹ̀ lónìí: Elden Ring, 2022, ti tà ju 20 mílíọ̀nù lọ kó tó pé ọdún kan lórí igbá, òun ló gba géèmù ọdún ní The Game Awards. Géèmù tó ń pa èèyàn láti ìbẹ̀rẹ̀! Ebi ń pa àwọn èèyàn fún nǹkan tó mú wọn ní pàtàkì.

31/
Èyí wá kan àwa gan-an. Baldur's Gate 3 ń béèrè 150GB lórí kọ̀ǹpútà ẹ. Ẹ fi dátà wa ṣírò ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tún wá kọ̀ǹpútà tó lè gbé e. NetHack? Ọ̀fẹ́ ni. Mẹ́gábáìtì díẹ̀ ni. Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ti lò fún ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó tà á fún ẹ máa gbé e láìmí. Èèyàn wà tó ti ń gbá a fún ọdún púpọ̀ tí kò tíì débi ìparí ẹ̀. Nínú gbogbo ayé RPG, ibi tí ọmọ tí kò lówó ti lè bá ọmọ olówó dọ́gba pátápátá nìyí: @ kan, ihò kan, ọpọlọ ẹ. Ẹni tó ní kí wọ́n sin irú géèmù yìí torí pé ó ti gbó, ilẹ̀kùn wa ló fẹ́ tì.

32/
Torí ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń gbóná lára mi. Gbogbo nǹkan tó wà lórí fóònù wa ló ń kẹ́ wa bí ọmọ ọwọ́. Wò ó fún mi, yan án fún mi, fò ó fún mi. Kò sí èyí tó gbà pé a lè dúró nínú òkùnkùn fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí a fúnra wa wá ọ̀nà. Àwọn géèmù wọ̀nyí gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà pé o lè kà, o lè rántí, o lè pàdánù nǹkan kó o má kú sí i. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

33/
Ẹ ṣe nǹkan kan fún mi. Ẹ lọ gba NetHack sórí kọ̀ǹpútà yín lálẹ́ òní. Ẹ máa kú, ó dájú. Ẹ padà wá sísàlẹ̀ ibí, ẹ sọ ohun tó pa yín àti ohun tẹ́ ẹ máa ṣe lọ́tọ̀ lọ́la. Tẹ́ ẹ bá ní ìdáhùn sí ìbéèrè kejì yẹn, ọ̀rọ̀ ti parí láàárín wa. Tí ẹ kò bá ní, ẹ wá jà, mo wà nílé. Ẹ̀yin gétímáànù náà, tí ẹnikẹ́ni bá béèrè ọ̀nà nísàlẹ̀ ibí, ẹ júwe ẹ̀ fún un tàbí kẹ́ ẹ dákẹ́.